Ọmọ mi fẹ́ fi owó alájẹṣẹ́kù ṣe fọ́rẹ́ẹ̀sì: ṣé kí n yá a fún un?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Ọmọ mi tó wà ní FUNAAB ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun yá ₦450,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, òun fẹ́ fi ṣe fọ́rẹ́ẹ̀sì. Bàbá rẹ̀ ní yàhúù ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní tẹ́tẹ́ ni. Ọkùnrin kan tó ní ọ́fíìsì l'Òkè-Ìlẹwó wá ní kí n fi ti ọmọ sílẹ̀, kí n gbé owó náà fún òun, òun á máa san ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún mi lóṣooṣù, pé kò séwu níbẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ má ṣe fún ọkùnrin Òkè-Ìlẹwó yẹn ní kọ́bọ̀. Ti ọmọ yín ṣì ní ọ̀nà tá a lè gbé e gbà, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú owó alájẹṣẹ́kù, kò sì ní jẹ́ ₦450,000. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí kò yẹ ni ọ̀pọ̀ wa l'Abẹ́òkúta ti ń bẹ̀rù, ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rù la sì ti ń sùn fọnfọn. Ọmọ tó gbé láptọ́ọ̀pù sí itan là ń pè ní olè. Ẹni tó wọ kóòtù, tó fi ìwé CAC kọ́ ara ògiri, là ń kó owó ilé-ìwé ọmọ fún.

Ohun mẹ́ta ni àwọn èèyàn ń kó pọ̀ tí wọ́n ń pè ní fọ́rẹ́ẹ̀sì. Èkíní ni ṣẹ́ńjì: ẹ gbé náírà fún báńkì tàbí fún àwọn mọ́là, wọ́n gbé dọ́là fún yín, ẹ fọwọ́ bà á. Èkejì ni èyí tí ọmọ yín ń sọ. Dọ́là kankan ò ní wọlé yín níbẹ̀. Àdéhùn ni láàárín òun àti alágbàtà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé bí yúrò bá gbówó lórí sí dọ́là, alágbàtà á san ìyàtọ̀ rẹ̀ fún un. Bó bá já wálẹ̀, òun ni yóò san án. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tó ń gba owó ọlọ́wọ́ pé òun á bá wọn ṣe èkejì. Ewu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jọra rárá.

Ọjà gidi wà o. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, BIS, báńkì tí àwọn báńkì àpapọ̀ àgbáyé jọ dá sílẹ̀, ka iye tó ń kọjá nínú ọjà pàṣípààrọ̀ owó lágbàáyé: tírílíọ̀nù 7.5 dọ́là lójúmọ́. Báńkì ńláńlá, ìjọba àti ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù kọjá òkun ló ń ná ọjà yẹn. Owó irú ọmọ yín kì í sábà dé ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ alágbàtà ló ń dúró sí, alágbàtà a sì máa mú apá kejì òwò náà fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tí ọmọ bá pàdánù, èrè alágbàtà ni. Òfin gba èyí láyè ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nítorí náà mi ò pè é ní jìbìtì. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fi bọ́nọ́ọ̀sì bẹ ọmọ yín pé kó tún owó fi sí i.

Kí n dá Bàbá lóhùn. Ọmọ yàhúù, owó ẹlòmíràn ló ń fẹ̀tàn gbà. Ẹni tó ń ṣe fọ́rẹ́ẹ̀sì, owó ara rẹ̀ ló ń gbé sínú ewu. Ipa ọ̀nà tí owó tọ̀ lẹ fi máa dá wọn mọ̀. Alágbàtà tó mọ iṣẹ́ á gba káàdì ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí ibi téèyàn ń gbé kó tó jẹ́ kó yọ owó. Orúkọ orí àkáǹtì òwò àti ti báńkì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde ló máa wà nínú sitétímẹ́ǹtì. Kí ọmọ máa tẹ sitétímẹ́ǹtì yìí sórí ìwé lóṣooṣù, kó máa fi èyí tó jẹ́ ti báńkì tì í. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró lọ́nà, ìwé yẹn á sọ̀rọ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Àmọ́ ìfura Bàbá ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ níbì kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ra USDT, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so mọ́ dọ́là, lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò rí rí kí wọ́n lè gbé owó sínú àkáǹtì òwò, wọ́n á tún tà á fún ẹni tí wọn ò mọ̀ kí wọ́n lè gba náírà wọn padà. Bí náírà tí onítọ̀hún fi ránṣẹ́ bá jẹ́ owó tí wọ́n fi jìbìtì gbà, báńkì lè ti àkáǹtì ọmọ yín pa. Owó á máa wọlé, kò ní lè yọ kọ́bọ̀, òun náà ni yóò sì máa sáré kiri ọ́fíìsì láti fi hàn pé ọwọ́ òun mọ́. Alágbàtà tó ń gba náírà tààrà láti àkáǹtì báńkì tó jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó sì ń san án padà síbẹ̀, ni kó lò.

Ti tẹ́tẹ́ ńkọ́? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sún mọ́ òótọ́ ju bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe fẹ́ gbà lọ. Ìwọ̀n lọ́ọ̀tì (bí òwò kan ṣe tóbi tó) tí ọmọ bá tẹ̀ ló máa sọ bóyá tẹ́tẹ́ ló ń ta tàbí òwò ló ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Oníṣòwò kì í sá fún ìṣírò.

Ká fi dọ́là kan sí ₦1,500. ₦450,000 yín di $300. Odindi lọ́ọ̀tì kan lórí yúrò sí dọ́là jẹ́ yúrò 100,000. Bí yúrò kan bá jẹ́ dọ́là 1.1000, ọjà $110,000 nìyẹn. Ibo lẹni tó ní $300 ti fẹ́ rí i? Leverage, àǹfààní láti fi owó kékeré di òwò ńlá mú, ló ń gbé e dé ibẹ̀. Alágbàtà tó fún un ní 1:500 á ní kó fi $220 dógò, èyí ni wọ́n ń pè ní margin. Ẹ ro ó pé ẹni tó ń kó aṣọ funfun fún yín gbé 500 ìdì sílẹ̀ lórí owó ìdì kan ṣoṣo, pẹ̀lú àdéhùn pé bí owó aṣọ bá já lọ́jà, ẹ̀yin lẹ máa ru àdánù orí gbogbo 500 ìdì náà, òun á sì kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́gán tí owó ọwọ́ yín bá ti ń tán lọ.

Pip ni wọ́n fi ń ka ìrìn ọjà: nọ́ńbà kẹrin lẹ́yìn póìǹtì. Láti 1.1000 sí 1.1001, pip kan ni. Lórí odindi lọ́ọ̀tì, pip kan jẹ́ $10. Ọ̀pọ̀ alágbàtà á ti òwò pa fúnra wọn bí owó inú àkáǹtì bá ti wálẹ̀ dé ìdajì margin. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, $110. Láti $300 dé $110 jẹ́ $190, ìyẹn pip mọ́kàndínlógún péré. Yúrò sí dọ́là sì lè rin pip 50 sí 100 lọ́jọ́ kan tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ láyé. Kí ọmọ tó se ìndómì tán, owó ti lọ. Ẹni tó ṣe báyìí, tẹ́tẹ́ ló ta, ó tún burú ju ti ẹni tó fi ₦200 ta baba Ìjẹ̀bú.

Ẹ wá mú $300 kan náà, kó tẹ lọ́ọ̀tì 0.01. Pip kan di sẹ́ǹtì mẹ́wàá. Pip mọ́kàndínlógún yẹn di $1.90. Ọjà kan náà ni, wákàtí kan náà, ìròyìn kan náà; ọ̀kan ti gbá ilé lọ, èkejì ò tíì gbọn ẹsẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn tó ń pẹ́ nídìí rẹ̀ kì í fi ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó wọn sínú ewu lẹ́ẹ̀kan. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún $300 ni $3. Bó bá fi stop loss, ibi tí òwò á ti pa ara rẹ̀ dé, sí pip 30, kó pín $3 sí ọ̀nà 30: sẹ́ǹtì mẹ́wàá fún pip kan, lọ́ọ̀tì 0.01 gẹ́lẹ́, kò gbọdọ̀ lé. Ẹ ní kó ṣe ìṣírò yìí lójú yín lórí bébà. Bí kò bá lè ṣe é, kò tíì tó ẹni tí à ń fún lówó.

Ẹ tún bi í bóyá gold ló fẹ́ máa ṣe, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Lọ́ọ̀tì kan lórí gold jẹ́ ounce 100. Bó bá tẹ 0.10, ounce mẹ́wàá nìyẹn: kí gold yí ní $30, kó sì gba ibi tí kò fẹ́, $300 ti parí. Gold lè rin ju $30 lọ láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń sọ pé gold ń tètè pa owó kò parọ́. Wọn ò kàn parí ọ̀rọ̀ ni.

Owó ọ̀nà náà wà. Iye tí alágbàtà ń tà àti iye tó ń rà ò dọ́gba, àárín méjèèjì ni spread. Ká pè é ní pip kan ààbọ̀. Lórí 0.01, sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fún òwò kan, ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Àmọ́ ọmọ tó ń wọlé tó ń jáde nígbà ogún lójúmọ́ ti san $3 fún alágbàtà lọ́jọ́ kan. Ní ogún ọjọ́ iṣẹ́, $60. Ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀ ti lọ kí ọjà tó ṣe é ní rere tàbí búburú. Ẹni tó bá sì jẹ́ kí òwò sun mọ́jú á tún rí swap, èlé tí wọ́n ń yọ tàbí tí wọ́n ń fi kún un lálaalẹ́. Lálẹ́ Ọjọ́rú, ìlọ́po mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́, nítorí Sátidé àti Sọ́ńdè. Àwọn Mùsùlùmí tí kò fẹ́ èlé ní àkáǹtì tí kò ní swap, àmọ́ kí wọ́n wò ó dáadáa bóyá alágbàtà ò fi owó míì dípò rẹ̀.

Stop loss, àṣẹ pé kí òwò pa ara rẹ̀ dé bí àdánù bá dé ibi báyìí, ni ọ̀pọ̀ ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ó dára, ó sì pọn dandan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdánilójú. Lọ́jọ́ tí Amẹ́ríkà bá ń kéde iye èèyàn tó rí iṣẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù lọ́pọ̀ ìgbà, ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán tiwa tàbí aago méjì ààbọ̀ bí àkókò wọn bá yí, spread tó jẹ́ pip kan lè di mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ọjà á sì fo ibi tí stop loss wà kọjá. Ọjà tún máa ń tì lálẹ́ Jímọ̀, ó ń ṣí lálẹ́ Sọ́ńdè; bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ láàárín, ibòmíràn ló máa ṣí sí. Èyí tó tóbi jù ni ti ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2015. Báńkì àpapọ̀ Switzerland ti ń di owó wọn mú láti 2011 pé yúrò kan kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju fránkì 1.20 lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n jáwọ́ lójijì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yúrò já wálẹ̀ débi pé yúrò kan ò tó fránkì kan mọ́. Ẹni tó fi stop loss sí 1.19 ò rí ẹni rà á níbẹ̀. Àwọn kan jí, wọ́n rí i pé àwọn ti jẹ alágbàtà ní gbèsè, Alpari ti Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ sì wọko gbèsè. Bí alágbàtà ńlá bá lè ṣubú lọ́jọ́ kan, kí ọmọ Ọbántókò má sọ pé òun ti ka ọjà tán.

Ti iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ ó ń pa owó. Lórí MetaTrader, áàpù tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣòwò yìí, ọ̀dọ̀ alágbàtà ni stop loss ń wà. Bí NEPA bá mú iná lọ, bí fóònù bá kú, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Trailing stop, èyí tó ń tẹ̀ lé èrè gòkè, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: orí kọ̀ǹpútà ọmọ ló ń gbé, bí kọ̀ǹpútà bá kú, òun náà kú. Róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà fún wọn láti bá wọn ṣòwò náà ń kú bẹ́ẹ̀, àfi bó bá wà lórí VPS, kọ̀ǹpútà àyálò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń sanwó fún lóṣooṣù.

Ní 2018, ESMA, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò ní Yúróòpù, kéde àbájáde àyẹ̀wò tí àwọn àjọ orílẹ̀-èdè ibẹ̀ ṣe lórí àkáǹtì àwọn aráàlú tó ń ṣe irú òwò yìí, pé láti ìdá 74 dé ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń pàdánù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dín leverage kù sí 1:30 lórí àwọn owó ńlá bíi yúrò sí dọ́là. Àwọn tó ń fún ọmọ wa ní 1:500, títí dé 1:2000, òfin Yúróòpù ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Orúkọ kan náà lè ní ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí FCA, àjọ tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀, ń ṣọ́, ọ̀kan ní Cyprus, ọ̀kan ní Seychelles. Ìwé àṣẹ ti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n á gbé sójú ìwé àkọ́kọ́, ti Seychelles ni ọmọ Nàìjíríà á bọwọ́ lù. Kó ka ojú ìwé àkọ́kọ́ àdéhùn, kó wo orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá ní St. Vincent, orílẹ̀-èdè erékùṣù kékeré kan, ló fún wọn níwèé àṣẹ fọ́rẹ́ẹ̀sì, kó kúrò níbẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀ ti sọ fúnra rẹ̀ pé òun kì í fún ẹnikẹ́ni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Èwo wá ni èrè? Ká ní ọmọ yín mọ̀ ọ́n ṣe ju ọ̀pọ̀ lọ, tó sì ń jèrè ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, láìṣàṣìṣe. Ìyẹn $15, tàbí ₦22,500. Owó dátà àti oúnjẹ díẹ̀ ni, kì í ṣe owó tó ń ra mọ́tò. Mọ́tò tí ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ń gùn, ẹ wádìí ibi tó ti wá: owó ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gbà lọ́wọ́ wọn, àti kọmíṣọ̀n tí alágbàtà ń san fún un lórí gbogbo lọ́ọ̀tì tí ọmọ tó mú wá bá tẹ̀, yálà ọmọ náà jèrè tàbí kò jèrè. Bí wọ́n bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ni tirẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ̀yin náà rí i pé irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò ní kánjú sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra.

Ohun kan tún ń tan ọ̀dọ́ jẹ ní Nàìjíríà tí kò sí ní Yúróòpù. Ẹni tó fi $300 sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bíi ₦750 lọ́jà òde, fi ₦225,000 sílẹ̀. Ká ní ó pàdánù $100 nínú rẹ̀. Ó kù $200. Bó bá ṣẹ́ ẹ ní ₦1,500, ₦300,000 ni. Ó ń jó, ó ní òun jèrè ₦75,000. Náírà ló wálẹ̀, òun pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀.

Nítorí èyí ni owó alájẹṣẹ́kù ò fi gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹ máa dá a padà lóṣooṣù pẹ̀lú èlé, àwọn onídùúró yín sì wà níbẹ̀. Ọjà yìí kì í mọ̀ pé ìparí oṣù ti dé. Bí ọmọ bá mọ̀ pé ẹ ń retí ₦45,000, tí lọ́ọ̀tì 0.01 ò sì lè mú un wá, ohun tó máa ṣe kò ju kó gbé e sókè sí 0.10 lọ. Bó bá pàdánù níbẹ̀, á gbé e sí 0.50 láti fi gbà á padà. Àdánù ò sì rọrùn gbà padà: ẹni tó pàdánù ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún nílò èrè ìdá 25 kó tó padà síbi tó wà, ẹni tó pàdánù ìdajì nílò èrè ìdá ọgọ́rùn-ún, ẹni tí ìdá 90 lọ mọ́ lọ́wọ́ nílò ìdá 900. Owó ẹ̀yáwó ló ń sọ ọmọ jẹ́jẹ́ di atatẹ́tẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó yá, ọkùnrin Òkè-Ìlẹwó. Ìdá ogún lóṣooṣù. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kó fi ₦450,000 tirẹ̀ sílẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ọdún kan, ₦4 mílíọ̀nù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ti lé ní ₦318 mílíọ̀nù. Kí ni ẹni tó mọ ọ̀nà yìí ń wá dé Ìtòkú, tó ń gba owó lọ́wọ́ aládìrẹ? Sọgúndogójì ni. Owó ẹni tó bá wá lẹ́yìn yín ló fi máa san fún yín. Yóò san ní oṣù kìíní, yóò san ní oṣù kejì, ó lè san dé ìkẹfà, kí ẹ lè mú ìyá oníṣòwò ẹgbẹ́ yín wá. MMM ṣèlérí ìdá ọgbọ̀n lóṣù, ó sì ti àkáǹtì àwọn èèyàn pa ní oṣù kejìlá ọdún 2016. CBEX ní AI ló ń bá òun ṣòwò, pé òun á sọ owó di ìlọ́po méjì ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn èèyàn ò rí owó wọn yọ mọ́.

Á fi ìwé hàn yín. Ìwé CAC kàn sọ pé wọ́n ti forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Aṣerunlóge náà lè gba irú rẹ̀. Ìwé SCUML, tó ní àmì EFCC lára, wà fún dídènà fífọ owó ìdọ̀tí, kì í ṣe àṣẹ láti gba owó aráàlú. SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò, nìkan ló ń fún ẹni tó fẹ́ bá aráàlú dókòwò ní àṣẹ, orúkọ àwọn tó ní in sì wà lórí ìkànnì rẹ̀, sec.gov.ng. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà níbẹ̀. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ bọwọ́ lù ní 2025 sì ti sọ irú sọgúndogójì yìí di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá nínú.

Á tún gbé fóònù sí yín lójú, kẹ́ ẹ rí èrè. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ server sí: bí Demo bá wà níbẹ̀, owó eré ni. Ẹ wo balance àti equity. Balance jẹ́ owó tó wà kí wọ́n tó ka òwò tó ṣì ṣí sílẹ̀. Equity ni òótọ́ ti ìsinsìnyí. Mo lè ní balance $10,000 kí equity mi jẹ́ $900. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jèrè lójoojúmọ́ láìṣubú ń ṣe ìlọ́po méjì: wọ́n pàdánù 0.01, wọ́n tẹ 0.02, wọ́n tẹ 0.04, 0.08, 0.16, 0.32, 0.64. Ó ń gba owó padà lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì rẹwà lójú ìwé. Ìgbà tó bá burú léraléra ní ẹ̀ẹ̀meje, 1.28 ló kàn, gbogbo àkáǹtì á lọ ní ọ̀sán kan. Bó bá jẹ́ àkáǹtì gidi ló ń ṣe, kó fún yín ní investor password, èyí téèyàn fi ń wò láìlè fọwọ́ kàn án. Mo mọ ohun tó máa sọ.

Fún ọmọ yín, ẹ sọ fún un pé kó ṣe é lórí demo fún oṣù mẹ́ta, $300 ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe $100,000 tí wọ́n máa ń fún wọn. Kó ní ìwé kékeré kan: ọjọ́, ohun tó rà, lọ́ọ̀tì, ibi tí stop loss wà, ìdí tó fi wọlé, iye tó jèrè tàbí tó pàdánù. Demo kì í dun ara, nítorí náà èrè orí rẹ̀ kò jámọ́ nǹkan púpọ̀. Ohun tí ẹ ń wò ni bóyá ó pa òfin ara rẹ̀ mọ́. Bó bá yọ stop loss kúrò lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù mẹ́ta yẹn, kó bẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́ta náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, kó fi $50 tirẹ̀ ṣí àkáǹtì sẹ́ǹtì (èyí tí wọ́n ń fi sẹ́ǹtì ka owó inú rẹ̀), owó tó bá jó, ẹnikẹ́ni ò ní sunkún. Kó má gba bọ́nọ́ọ̀sì, nítorí àdéhùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè dí yíyọ owó lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kó yọ $20, kó rí i bó ṣe wọ báńkì, lọ́jọ́ mélòó, ní iye wo: wọ́n lè fi iye kan gba náírà wọlé kí wọ́n fi iye míì san án padà. Bí wọ́n bá ní kó kọ́kọ́ san owó orí tàbí owó ìgbéga kó tó lè yọ ọ́, jìbìtì ni, kó fi $50 náà sílẹ̀ kó má lépa rẹ̀. Bó bá ń sọ fún yín nípa funded account, tí wọ́n ń san owó ìdánwò kí wọ́n tó fún wọn ní àkáǹtì ńlá, owó ìdánwò yẹn nìkan ló lè pàdánù, ìyẹn dára. Àmọ́ wọ́n ń lé èèyàn jáde bó bá pàdánù nǹkan bí ìdá márùn-ún lọ́jọ́ kan, ọ̀pọ̀ sì ń san án lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀márùn-ún láìkọjá.

Bó bá jẹ́ pé ohun tó ń dùn yín ni pé owó àdìrẹ ń dínkù nítorí dọ́là, torí aró tẹ́ ẹ̀ ń lò ń wọ́n sí i, ọ̀nà míì wà fún ìyẹn tí kò kan fọ́rẹ́ẹ̀sì. Àwọn oníbàárà yín tó wà lókè òkun lè san dọ́là wọn sínú àkáǹtì domiciliary ní báńkì yín. Bọ́ńdù tí ìjọba àpapọ̀ ń tà fún aráàlú nípasẹ̀ DMO, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, ń bẹ̀rẹ̀ láti ₦5,000, ọdún méjì tàbí mẹ́ta, èlé rẹ̀ ń wọlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kò ní sọ yín di olówó òjijì.

Bí ẹ bá ti fi nǹkan kan lé ọkùnrin Òkè-Ìlẹwó yẹn lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí wa, ẹ má fi kún un nítorí pé ó ní kẹ́ ẹ san díẹ̀ kí tẹ́lẹ̀ lè jáde. Ẹ kó ẹ̀rí ìsanwó jọ, àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp rẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì tí ẹ san án sí, ẹ gbé e lọ bá báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè kàn sí báńkì kejì kí owó tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni SEC àti EFCC. Ẹnikẹ́ni tó bá sì pè yín lẹ́yìn ìyẹn pé òun á bá yín gba owó yín padà, kẹ́ ẹ kàn fi ₦30,000 ránṣẹ́ ná, ọ̀dọ̀ kan náà ni wọ́n ti wá.